Ọṣẹ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ tí ìròyìn ikú ẹ̀gbọ́n mi dé ni ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo lọ, nítorí òun ló ní kí n wá iṣẹ́ síbẹ̀.

“Níbo lo ti kọ́ṣẹ́, àbúrò?” ni ọ̀gá ibẹ̀ bi mí.

“Nídìí ọṣẹ ẹ̀gbọ́n mi, sà. Òun ń ṣe é, èmi ń polówó rẹ̀ fọ́dún mẹ́sàn-án.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọṣẹ a máa fọ aṣọ, kì í fúnni níwèé ẹ̀rí.”

Mo padà sílé. Ọṣẹ mẹ́fà ló kù. Kò sẹ́ni tí yóò ṣe òmíràn, kò sì sí ohun tí mo tún fẹ́ polówó. Mo fi bébà wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sára wọn, ohun tí ìtìjú kò jẹ́ kó gbà kí n ṣe rí nígbà ayé rẹ̀.