Dúrọ́ọ̀mù Tí Kò Tíì Tutù

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ọ̀gá Kíákíá já irin ìkoná gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. "Ẹ jókòó, Àǹtí. Èmi ni mo máa yan tòní. Bí ìyá oníbúrẹ́dì tó ń bọ̀ wá rà á bá ti lè gbà á, kí ẹ kó ẹrù yín kúrò ní ṣẹ́ẹ̀dì yìí."

Ẹ̀gbọ́n fa àpótí, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, òun ló ń fa èéfín símú níbí, tó ń fi dúrọ́ọ̀mù náà yan ṣùkù àgbàdo tí àwọn àgbẹ̀ bá dà nù, títí yóò fi di nǹkan ìdáná tó dúdú, tí omi kò lè wọ̀ mọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni àbúrò rẹ̀ ń wọ̀ ní tiẹ̀. Ẹrù tó ti tutù ló ń wá gbé lọ fún oníbàárà, kò sì dúró ti ìdérí dúrọ́ọ̀mù rí. Nítorí pé oníbàárà mọ ojú rẹ̀, ó wá ní òun lòun ni ṣẹ́ẹ̀dì. Ojú ò tiẹ̀ tì í!

Ká má parọ́, ó yan án dáadáa. Èéfín kọ́kọ́ funfun, omi inú ṣùkù ló ń jáde. Nígbà tí èéfín pọ́n, tó ń ta lójú, Ọ̀gá Kíákíá wa iná kúrò lábẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Èéfín dá.

Ó ku kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó tutù. Bàbá wọn kì í ṣí i lọ́jọ́ tó bá yan án. Gbígbóná inú rẹ̀ kò ní í hàn síta, afẹ́fẹ́ nìkan ló sì kù kó rí, kó gbiná. Ẹ̀gbọ́n mọ̀.

Ìyá oníbúrẹ́dì wọlé pẹ̀lú abọ́ omi tó fẹ́ fi dán ṣùkù wò. "Ẹ jẹ́ n rí i o. Èéfín igi tí mo fi ń dáná búrẹ́dì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò ládùúgbò."

"Ó ti jinná, màmá. Ṣé ẹ rí i pé kò rú èéfín mọ́?" Ọ̀gá Kíákíá fi àpò tútù di ìdérí mú.

Ọ̀rọ̀ dé orí ahọ́n ẹ̀gbọ́n. Ó rántí "kí ẹ kó ẹrù yín." Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ìdérí ṣí. Iná sọ lálá, ó dé páànù òkè. Ọ̀gá Kíákíá ṣubú sẹ́yìn, ó ń ké, apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń jó. Omi inú abọ́ yẹn ni ìyá oníbúrẹ́dì dà sí i lápá. Gbogbo ṣùkù jó di eérú lójú wọn.

"Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án, màmá," ni ẹ̀gbọ́n wí, kí ẹnikẹ́ni tó bi í. "Ẹ bi í wò."

Ìyá oníbúrẹ́dì kò bi í. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Nígbà tí mo wọlé," ó ní, "ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù lẹ jókòó sí."

Ọ̀gá Kíákíá gbé ojú tí iná ti jó irun ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n náà wolẹ̀. Ẹsẹ̀ àpótí ti fa ìlà gbọọrọ sínú eérú àtijọ́ tó bo ilẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì, láti ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù títí dé ẹnu ọ̀nà, níbi tó jókòó sí báyìí. Kò rántí ìgbà tó fà á.