Agbádá Ọ̀fẹ́ fún Ẹni Tó Fẹ́ Wó Ṣọ́ọ̀bù

Nígbà tí Bàṣírù télọ̀ rí ọmọbìnrin kan tó ń fi téèpù onírin wọn iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìrókò, tó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Oṣù tó kọjá, bẹ́ẹ̀ náà làwọn kan ṣe wá wọn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó wà lódìkejì. Ọjọ́ kẹta ni katapílà wá wó o.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n," ni ọkùnrin tó kó ọmọbìnrin náà àtàwọn ọ̀dọ́ mélòó kan wá wí. "Ọláníyì lorúkọ mi. A kàn fẹ́ wo ibi iṣẹ́ yín ni."

Wò ó kí wọ́n wá ṣe kí ni? Bàṣírù ò lè bèèrè. Ìwé mẹ́fà péré ló kà, ẹ̀rù àwọn tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ ò sì fìgbà kan kúrò lára rẹ̀.

Mùjíbátù, ìyàwó rẹ̀, sọ̀rọ̀ sí i létí: "Bàbá Roheem, ẹ fún wọn ní nǹkan!"

"Kí ni mo ní?"

"Ṣé ẹ kì í ṣe télọ̀ ni?"

Ni Bàṣírù bá fa téèpù ọrùn rẹ̀ yọ, ó di mọ́ ọ̀gá náà. "Ẹ na apá, sà. Agbádá ni. Ọ̀fẹ́ ni." Ó wọn èjìká, ó wọn àyà, kò kọ ẹyọ kan sílẹ̀. "Ẹ jókòó, sà." Ó tún ikùn wọ̀n. "Ẹ bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń mú bàtà." Ó tún un wọ̀n.

Inú Ọláníyì dùn kọjá ààlà. Ó kọjú sí àwọn tó kó wá. "Ẹ rí i bí? Ó ní kí n jókòó, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀! Ẹ̀yin ti fi ọdún mẹ́rin yàwòrán ilé. Ta nínú yín ló ti jókòó wò bóyá orúnkún á kan ògiri?"

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń kọ, bẹ́ẹ̀ ni Bàṣírù ń làágùn. "Mo fi ṣòkòtò kún un, sà. Àti... àti fìlà."

Tiwaladé, ọmọbìnrin onítéèpù, kọ fìlà náà sílẹ̀.

Bàṣírù ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, sà... ọjọ́ wo... ọjọ́ wo lẹ máa wó o?"

"Wó kí ni?"

"Ṣọ́ọ̀bù."

Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. "Olùkọ́ ni mí o, ẹ̀gbọ́n! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rèé. Àwòrán ilé yíyà ni wọ́n ń kọ́. Àwa ń yàwòrán títí kí á tó fọwọ́ kan ilé. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ti ń fọwọ́ kan ara èèyàn láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ìyẹn ni mo ní kí wọ́n wá wò."

"Ẹ̀yin èèyàn yìí!" Mùjíbátù pariwo. "Ẹ fẹ́ẹ̀ sọ mí di opó!"

Bàṣírù jókòó gbì sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, ojú rẹ̀ bọ́ sára téèpù tí Tiwaladé fà pinpin sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi, má fà á le bẹ́ẹ̀. Fi ìka sábẹ̀, kí ó lè mí. Bó o bá fà á le báyìí, ẹnu ọ̀nà yìí ò ní gba Ìyá Roheem kọjá."

"Èmi kẹ̀?" ni Mùjíbátù wí. "Kí lẹ sọ?"

Tiwaladé ti ń kọ ọ́ lọ.

"Ọmọ mi," ni Bàṣírù bẹ̀ ẹ́, "jọ̀ọ́, pa ìyẹn rẹ́."