Fépù Inú Àpò Jẹ́jẹ́

Nígbà tí nǹkan náà kọ́kọ́ gbóná láyà Jẹ́jẹ́, oòrùn ló pè é. Oòrùn ọjọ́ náà sì mú lóòótọ́, ẹ má jẹ́ n purọ́. Ó ń rọ gáàsì sínú sílíńdà kan lórí òṣùwọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí kọ́ọ̀kì, ojú rẹ̀ ò kúrò lára abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n, àwọn oníbàárà sì tò sẹ́yìn okùn pẹ̀lú sílíńdà tiwọn. Ló bá tún gbóná. Ìgbóná eléyìí kì í ṣe ti oòrùn. Ojú kan ṣoṣo ló dúró sí, bí ìgbà tí wọ́n bá fi ṣíbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú tíì lé èèyàn lára.

Ó fa ọrùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó yọjú wo inú. Nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ sábẹ́, iná búlúù kékeré kan ń tàn. Kò sẹ́ni tó ń fà á o. Òun nìkan ló ń tan ara rẹ̀, kò sì kú.

Àyà Jẹ́jẹ́ já.

Fépù ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, sìgá oníbátìrì ni, kò ju àtàńpàkò lọ, àgbàlagbà tó ti ń mu sìgá tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. O ó fi sẹ́nu, o ó fà á, iná á tàn nídìí rẹ̀, ooru olóòórùn dídùn á jáde. Tó bá tán, o ó jù ú nù, o ó ra òmíràn. Àwọn amusìgá ilé iṣẹ́ gáàsì yẹn ló ní kí Jẹ́jẹ́ bá àwọn dán an wò. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹni tó bá ṣáná níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì, kì í ṣe òun nìkan ló máa lọ. Nítorí náà, láti àárọ̀ títí di ìgbà ìsinmi, sìgá á máa wù wọ́n, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣe ni wọ́n máa ń ṣe bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

"Jẹ́jẹ́, ìwọ ni kó o bá wa wò ó." Dírẹ́bà, ọkùnrin tó ń wa táńkà gáàsì wá fún wọn, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ìwọ lo máa ń fara balẹ̀. Tó bá dáa, gbogbo wa á rà. Tí kò bá dáa, ìwọ nìkan lo máa húkọ́."

Jẹ́jẹ́ sì wò ó tọkàntọkàn. Ó fà á láàárọ̀, ó fà á lálẹ́. Ó rí i pé ó ń ta á lọ́fun bí sìgá ṣe máa ń ṣe, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ò rùn mọ́. Ìyàwó rẹ̀, tó ti pẹ́ tó ti ń kẹ̀yìn sí i lórí ibùsùn, yíjú padà lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Àbí ta ni mò ń bá sùn? Ẹnu rẹ ń ta sánsán bíi máńgòrò." Ta ni kò ní fẹ́ràn nǹkan tó bá a tún ilé rẹ̀ ṣe?

Àléébù kan ló wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Sìgá a máa jó dé ìdí, òun fúnra rẹ̀ á ní ó tó. Fépù kì í ní ó tó. Ó ti ká ara rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń fà á ní balùwẹ̀, ó ti fà á kó tó gbé oúnjẹ mì tán. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, omi kíkorò kan jò sí i lẹ́nu bó ṣe fà á, ìdí nǹkan náà sì ń dún pọ́pọ́pọ́ bí omi tó ń hó. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó tì í bọ àpò.

Lẹ́nu géètì, Sójà na agolo fífẹ̀ rẹ̀ sí i. Ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì ni Sójà, òun ló ń ṣọ́ géètì, kò sì sẹ́ni tí kì í tú àpò rẹ̀ wò. "Fóònù! Láítà! Ìṣáná!" Jẹ́jẹ́ ju fóònù sí i.

"Láítà tìẹ dà?"

"Mo ti fi sìgá sílẹ̀, Bàbá Sójà."

"Háà! Ajá ti fi egungun sílẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Jẹ́jẹ́ kọjá. Lójú tiẹ̀, kò purọ́. Fépù kì í ṣe láítà, kì í sì í ṣe ìṣáná. Dírẹ́bà tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ rọra bi í létí pé, "Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dáa."

"Ṣé èèyàn lè mú un wọlé?"

"Kì í ṣe iná kẹ̀. Abẹ́ aṣọ ni kó o fi sí."

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá àyà ara rẹ̀. "Mo ti ra tèmi lánàá."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn. Ní báyìí, nǹkan náà ń jó o láyà, gáàsì sì ń wọ sílíńdà ṣùùù níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ rọ́bà lẹ́nu sílíńdà, gáàsì díẹ̀ a máa jáde, gbogbo wọn ti mọ òórùn rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ò jẹ́ yọ ọ́. Ó yí kọ́ọ̀kì pa, ó fi rọ́bà sílẹ̀ lẹ́nu sílíńdà, ó yẹra sẹ́yìn, ó kọjú sí géètì.

Kò sáré. Kò gbọ́dọ̀ sáré. Bí ẹnì kan bá sáré nínú ọgbà yẹn, gbogbo èèyàn á sáré, ẹnì kan á sì bì lu sílíńdà. Ó fi ìka méjì fa aṣọ kúrò lára, ó ń rìn.

"Ẹ̀gbọ́n! Tèmi ò tíì kún o!" obìnrin tó ni sílíńdà pariwo.

"Mò ń bọ̀, àǹtí."

"Ẹ wò ó bó ṣe ń rìn. Ṣé ẹyin lẹ kó sáyà ni?"

Àwọn tó tò rẹ́rìn-ín. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn Jẹ́jẹ́, ó sì tutù bí omi yìnyín. Màdámú tó ni ilé iṣẹ́ yọrí ní fèrèsé ọ́fíìsì. "Jẹ́jẹ́! Ta ló ní kó o lọ sinmi?"

"Inú ló ń run mí, mà!"

Ó ń wo géètì, géètì ò sì súnmọ́. Ó ń rò ó pé tí nǹkan yìí bá bú láyà òun, kí ni wọ́n máa lọ sọ fún ìyàwó òun? Pé máńgòrò ló pa ọkọ rẹ̀?

Ó jàjà jáde. Ó kọjá lára Sójà, ó kọjá ògiri, ó dé ìdí garawa iyanrìn tí wọ́n tò síta. Ó fa nǹkan náà yọ, ó jó o níka, ó tì í wọ inú iyanrìn. Ó dún ṣììì. Èéfín dúdú rú jáde, òórùn máńgòrò àti ti rọ́bà tó jóná dà pọ̀ mọ́ra wọn.

Sójà ti dúró sẹ́yìn rẹ̀. "Kí lo sin síbẹ̀?"

Sójà tẹ̀ ba, ó fi igi wa iyanrìn, ó rí i. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Èyí kọjá lójú mi láàárọ̀? Jẹ́jẹ́, o fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Sójà."

"Ṣé ẹnikẹ́ni rí ọ?"

"Rárá."

Bàbá náà wò yíká, ó fẹsẹ̀ gbá iyanrìn bò ó. "Ó ti tán nìyẹn. Iyanrìn ò lẹ́nu. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

Jẹ́jẹ́ mí kanlẹ̀. Ó yí padà láti wọlé. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ kan ẹ̀yìn ọgbà lọ́hùn-ún, níbi tí táńkà gáàsì dúró sí. Rọ́bà gbàgàdà so ó mọ́ àgbá ńlá tí wọ́n ń tọ́jú gáàsì sí, ẹ̀rọ ń fà á, ó ń kùn hùùù. Dírẹ́bà fẹ̀yìn ti táyà, ó fọwọ́ lé àyà.

*Mo ti ra tèmi lánàá.*

Jẹ́jẹ́ lè lọ bá a wẹ́rẹ́, kó fà á lọ́wọ́ jáde, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ jìn, gáàsì sì ń kọjá nínú rọ́bà. Bí iná búlúù yẹn bá ti ń tàn láyà Dírẹ́bà náà ńkọ́? Aago pupa wà lára ògiri géètì. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á dúró, gbogbo èèyàn á jáde. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ náà á sì dúró rojọ́.

Sójà rí ibi tó ń wò. "Má dán an wò."

"Dírẹ́bà ní ọ̀kan láyà. Èmi ni mo ní ó dáa."

Ó tẹ aago.

Ariwo yẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Àǹtí tó ń fi Jẹ́jẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ló kọ́kọ́ dóde, ó ti gbàgbé sílíńdà àti bàtà. Màdámú jáde kẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹ. "Iná dà? Níbo?"

"Dírẹ́bà," Jẹ́jẹ́ ní, "mú nǹkan àyà rẹ jáde."

Dírẹ́bà wojú rẹ̀ bíi pé ó ti ya wèrè. Ó mú un jáde. Màdámú gbà á, ó fọwọ́ pa á. Ó tutù. Kò tàn, kò jò. Àwọn oníbàárà pòṣé.

"Mo rí tìẹ, Dírẹ́bà, a ó jọ sọ̀rọ̀," Màdámú ní. Ó kọjú sí Jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ìwọ, báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ní in láyà?"

Sójà gbójú sókè, ó ń wo òfuurufú. Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ti tó: mo rí i. Wọn ì bá tiẹ̀ yìn ín. Ó tẹ̀ ba síbi garawa, ó tọwọ́ bọ iyanrìn, ó mú èyí tó ti yọ́ bí ṣingọ́ọ̀mù jáde.

"Tèmi rèé, mà. Inú àpò mi ló ti gbóná, níbi tí mo ti ń rọ gáàsì. Abẹ́ aṣọ ni mo fi pamọ́ sí, Bàbá Sójà ò rí i. Èmi náà ni mo kọ́ Dírẹ́bà."

Kò sẹ́ni tó pòṣé mọ́. Màdámú wo nǹkan náà, ó wo àwọn sílíńdà tó wà nílẹ̀ nínú ọgbà, ó tún wo nǹkan náà. "Máa lọ sílé," ó ní. "Màá pè ọ́." Kò sọ bóyá ìpè rere ni.

Jẹ́jẹ́ ò lọ sílé. Ó sọdá títì, ó jókòó lórí bulọ́ọ̀kù kan. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò àyà, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́, ọwọ́ náà tún lọ.

Dírẹ́bà wá jókòó tì í. "Wọ́n ti dá tèmi padà, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ mú un dé ìdí táńkà mọ́ láéláé." Ó nà án sí i. "Mo rí bí ọwọ́ rẹ ṣe ń wá a. Gbà, fà díẹ̀."

Jẹ́jẹ́ gbà á. Itọ́ kún un lẹ́nu. Òórùn máńgòrò yẹn náà ni.

"Ṣé kò wá dáa mọ́ ni?" Dírẹ́bà bi í. "Sọ òótọ́ fún mi."

"Ó dáa lẹ́nu," Jẹ́jẹ́ ní. "Ó jó mi láyà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo wa, ó ṣì ń wù mí. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù."

Ó dá a padà sí i lọ́wọ́. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan, ó sì jókòó lé wọn lórí.