Ohun Tí Nannozi Fi Ránṣẹ́ sí Empiso

Ní Masaka níbí, bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ń já òwú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà. Mo máa ń tú èyí tó bàjẹ́, mo máa ń wò ó títí yóò fi hàn mí ibi tó ń dùn ún. Ohun tí mo bá rí níbẹ̀ ni mo máa ń kọ ránṣẹ́ sí Empiso, ìwé ìròyìn àwa tí à ń jẹun nídìí abẹ́rẹ́, tí wọ́n ń tẹ̀ ní Kampala. Lutaaya ni olóòtú rẹ̀. Gbogbo ìgbà ló máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé pé òun nìkan kọ́ ló ni Empiso: ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó béèrè, ẹni tó bá mọ ọgbọ́n kan, kó yà á kó fi ránṣẹ́, ẹni tó bá sì rí ibi tí a ti ṣìnà, kó má ṣe dákẹ́ nítorí ojú wa.

Nannozi gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju bí mo ṣe gbà á gbọ́ lọ. Ògiri pákó kan ló pààlà ṣọ́ọ̀bù òun àti tèmi. Gomesi ló ń rán jù, aṣọ gígùn tí èjìká rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí àwọn obìnrin wa ń fi ọ̀já fífẹ̀ dì ní ìdí bí wọ́n bá ń lọ síbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Gomesi ń jẹ aṣọ bí iná ṣe ń jẹ koríko. Púpọ̀ nínú ohun tó ń jẹ ni kò hàn síta, nítorí abẹ́ ló wà, níbi tí etí aṣọ kan ti gba abẹ́ ìkejì kọjá lọ sí ìbàdí. Nannozi wo apá tó fara pamọ́ yìí, ó ní kí la ń fi ṣe? Ó gé e kúrú. Ó yí bátànì padà kí a lè gé èjìká láti inú aṣọ ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, gbogbo ìlà rẹ̀ sì wọ inú ara wọn bí eyín ẹ̀rọ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, inú mi dùn. Àjẹkù tó ṣẹ́ kù tó rán aṣọ ọmọdé.

Ó yà á, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lókè. Lutaaya pè é, ó ní bó bá wù ú, òun yóò fi ojú ewé gomesi lé e lọ́wọ́ pátápátá, kó máa kọ ọ́ nínú gbogbo ìwé tó bá ń jáde. Ọjọ́ yẹn, Nannozi ra chapati, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí à ń yan, fún gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wa. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí ohun tó fẹ́ tó ojú ewé yẹn rí.

Kò pẹ́ tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ń da epo sínú ẹ̀rọ kan láàárọ̀ nígbà tí Nannozi, tó máa ń pè mí ní Taata, bàbá, wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Taata Walusimbi, ẹ gbọ́ nǹkan tí Lutaaya darí sí mi."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin kan ni, aránṣọ kan tó ń jẹ́ Bukirwa, láti Kalungu.

"Ẹ bá mi kí Nannozi yín o! Ẹ ní oníbàárà mi kí i, ìyẹn Ssenga ìyàwó. Bátànì yín ni mo fi rán gomesi rẹ̀. Ó bọ́ síwájú àwọn àna, ó kúnlẹ̀ kó kí wọn, gomesi là gbàǹgbà bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Kikoyi, ìró tó ró sábẹ́, ló ráyè kí wọn! Ìbòrùn ni wọ́n fi bo obìnrin yẹn mọ́lẹ̀. Ssenga ni o, àbúrò bàbá ìyàwó, ẹni tó yẹ kó máa kọ́ ọmọ níwà! Ẹ bi Nannozi, ṣé ó ti rán gomesi rí ni?"

Bí ẹlòmíràn bá ni, n bá ti rẹ́rìn-ín. Nannozi jókòó sórí àpótí irin iṣẹ́ mi.

"Ẹnì kan sọ irú ẹ̀ ní Mpigi. Òmíì tún sọ ọ́ ní Mityana. Taata, ó ti tán fún mi. Wọn ò ní fún mi lójú ewé yẹn mọ́. Ta ló tún máa gbé aṣọ fún mi rán?"

"O dán an wò kó o tó fi ránṣẹ́?"

"Mo dán an wò mọ̀nà! Mo wọ̀ ọ́ fún ère tí mo fi ń dán aṣọ wò. Ó dúró bí ayaba."

"Lọ mú un wá."

"Ère náà?"

"Gomesi. Ìwọ ni kó o wọ̀ ọ́."

Bí ẹ̀rọ bá ń há, n kì í fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sáré. Ọwọ́ ni mo fi máa ń yí àgbá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí n lè rí ibi tó ti ń há gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ṣe é. Nannozi wọ gomesi, ó di ọ̀já rẹ̀, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Aṣọ náà wà nípò. Ó jókòó. Ó dáa.

"Kúnlẹ̀."

"Fún ta ni?"

"Fún èmi. Àbí mi ò dàgbà tó ni?"

"Ẹ dàgbà, ẹ kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni," ló wí, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀, ó jókòó lé gìgísẹ̀ rẹ̀ bí àwọn obìnrin wa ti í ṣe. A jọ rí i. Bí ìdí rẹ̀ ṣe kan gìgísẹ̀, itan rẹ̀ fẹ̀, ó fa aṣọ sọ́tùn-ún sósì. Etí abẹ́ tó gé kúrú yọ kúrò lábẹ́ ọ̀já. Nígbà tí ìyẹn yọ, kò sí ohun tó di etí òkè mú mọ́, gbogbo rẹ̀ sì ṣí.

Nannozi kò dìde. Ó na ọwọ́ gba téèpù lọ́wọ́ mi, ó wọn ìbàdí ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ó dìde, ó tún un wọn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

"Ère kì í kúnlẹ̀," ló sọ.

"Kì í kúnlẹ̀."

"Àwọn oníbàárà náà kì í kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n máa ń dúró ni. Èmi ni mo máa ń kúnlẹ̀ sẹ́sẹ̀ wọn láti wọn ìṣẹ́tí aṣọ." Ó fi téèpù gbá iwájú orí ara rẹ̀. "Àtìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí èèyàn, Taata! Báwo ni mo ṣe gbàgbé?"

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti rí bí yóò ṣe tún un ṣe. Aṣọ àfikún kan ni, tó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè níbi tí ọ̀já yóò ti bò ó, tó sì ń fẹ̀ bọ̀ wá sísàlẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí abẹ́, kò sì sí ojú tó lè rí i láti ìta.

Lutaaya pè lọ́sàn-án. Nannozi gbé ohùn rẹ̀ síta kí èmi náà lè gbọ́.

"Ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ kó dùn ọ́ jù. Mo ti ro ohun tá a máa ṣe. A máa kọ ọ́ pé àwọn atẹ̀wé ló jẹ́ kí ìlà kan sọnù nínú bátànì. Àwọn yẹn, èébú ti mọ́ wọn lára. Orúkọ rẹ ò ní bàjẹ́, ojú ewé rẹ á sì dúró dè ọ́."

"Bí mo bá sọ pé èmi ni ńkọ́?"

Lutaaya mí kanlẹ̀. "Èmi nìkan kọ́ ni mò ń pàṣẹ níbí. Àwọn tó ni Empiso lè ní kí n fi ojú ewé náà fún ẹlòmíì. Rò ó."

Nígbà tí Nannozi pa fóònù, ó wò mí. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ kí n sọ pé kó gbà. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́.

"Kí lẹ rí sí i, Taata?"

"Bí wọ́n bá ní ìlà kan ló sọnù, ìlà ni àwọn aránṣọ á máa wá kiri. Kò sẹ́ni tó máa wọn ìbàdí lórí ìkúnlẹ̀. Ohun tí mo rí nìyẹn. Èyí tó kù, ìwọ lo ni ín."

Ó ń ká téèpù mọ́ ìka, ó ń tú u. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ya aṣọ àfikún náà, ó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó ní kí n kà á kó tó fi ránṣẹ́. Kò gùn. Ó ní òun ni òun ṣìnà, kì í ṣe atẹ̀wé. Ó ní orí ère ni òun ti dán aṣọ obìnrin wò, òun sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ssenga ti Kalungu àti aránṣọ rẹ̀. Ó ní láti òní lọ, kí a máa sọ fún oníbàárà kó kúnlẹ̀ kí a tó wọn ìbàdí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ti Masaka sì tẹ̀ lé e.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe kọ ọ́. Ọkùnrin kan ní Jinja ni wọ́n fún ní ojú ewé gomesi. Nannozi ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó pa á dé, ó sì gbá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ti gbá láàárọ̀.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, takisí kan já obìnrin sísanra kan sílẹ̀ níwájú wa, ó gbé àpò ọ̀rá há abíyá.

"Èwo nínú yín ni Nannozi?"

"Èmi ni, Nnyabo. Ẹ káàbọ̀, ìyá wa."

"Èmi ni Bukirwa."

Bukirwa wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ gbọ́, ṣé ìwọ nìyí? Mo rò pé ìyá àgbà kan ni mò ń bú!" Ó gbé àpò lé tábìlì. "Gomesi yẹn rèé. Ssenga ló ní kí n gbé e wá. Mo ní mo ti rí bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe nínú ìwé, màá ṣe é fúnra mi. Ó ní rárá. Ó ní ẹni tó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé ni òun fẹ́ kó fọwọ́ kan aṣọ òun."

Nannozi yọ gomesi náà, ó tẹ́ ẹ, Bukirwa sì fa àga mọ́ ọn láìjẹ́ pé wọ́n fi lọ̀ ọ́. Wọ́n jọ tú etí abẹ́. Wọ́n jiyàn lórí ibi tó yẹ kí aṣọ àfikún ti bẹ̀rẹ̀. Bukirwa ní kó sún sẹ́yìn díẹ̀ kó má baà máa ká jọ bí èèyàn bá jókòó pẹ́, Nannozi sì gbà fún un. Nígbà tí wọ́n rán an tán, Bukirwa ní òun àti Ssenga ò yàtọ̀ ní ìbàdí, ó wọ̀ ọ́, ó sì kúnlẹ̀ lórí ẹní mi. A wò ó. Kò sí ibi tó mì.

"Ó dáa?"

"Ó dáa, Nnyabo."

"Ó dáa lóòótọ́, Nnyabo," èmi náà wí.

"Ẹ wá fà mí dìde nígbà náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká máa kúnlẹ̀ yìí, ẹ ò ro ti orúnkún wa!"

Nannozi di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, èmi di òsì. A fà á títí ó fi dìde, gomesi náà kò sì ṣí.