Ẹni Tí Yóò Pa Àkùkọ Náà

"Dì í mú, kí n gé orí ẹ̀, kí gbogbo wa sinmi," James wí láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọjá ẹnu ọ̀nà.

Rẹ̀mí ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Jùwọ́n, ló dúró níwájú àkùkọ náà. Ó di ọmọrí ìkòkò mú síwájú ojúgun rẹ̀, ó ń wo àkùkọ, àkùkọ náà ń wò ó. Àwọn àgbébọ̀ mẹ́fà tó kù ti sá sábẹ́ tánkì omi. Àkùkọ nìkan ló dúró láàárín àgbàlá, ó ń fi ìyẹ́ wọ́lẹ̀ bí ẹni pé òun ló kọ́ ilé.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló fò mọ́ Jẹ̀mílátù, ọmọ ọdún mẹ́rin tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní òdìkejì àgbàlá. Èékánná rẹ̀ ya abẹ́ ojú ọmọ náà. Dókítà rán ojú ọgbẹ́ náà, ó ní díẹ̀ báyìí ló kù kó kan ẹyinjú. Nígbà tí wọ́n ti ọsibítù dé, Yàhàyá, bàbá ọmọ náà, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Tarauni ni àwọn ń kó lọ, kó tó di Sátidé. Ọdún mọ́kànlá ni ìdílé méjèèjì ti jọ ń lo àgbàlá kan ní Niger Street. Ní gbogbo Kano, Rẹ̀mí kò ní ọ̀rẹ́ tó tó Ìyá Jẹ̀mílá, ìyàwó Yàhàyá, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun ti pàdánù rẹ̀.

"Kí lò ń wò?" James tún wí. "Jẹ́ ká pa á, kó o sè é, kó o gbé e fún wọn. Kí wọ́n rí i pé a ti pa ọ̀daràn."

"Tí ẹ̀yin bá pa á, ta ni yóò jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún?"

James wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀. Kérésìmesì ni o, Àjíǹde ni o, ìsọmọlórúkọ ni o, Yàhàyá ló máa ń bá wọn pa adìẹ, kí àwọn Mùsùlùmí inú ilé lè jẹ ẹ́ láìbéèrè ohunkóhun. Láti ọdún mọ́kànlá, James kò fi ọ̀bẹ kan ọrùn adìẹ rí. Bóyá ohun tó dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

"O fẹ́ gbé e lọ bá bàbá ọmọ tí adìẹ rẹ ṣe léṣe, kó wá bá ọ pa á? Ṣé orí rẹ pé báyìí?"

"Ẹ fún mi ní ọ̀bẹ yẹn."

Kò tíì gbà á tí àkùkọ fi fò. Ó gbá ọmọrí ìkòkò, ó tún padà wá, ó ha Rẹ̀mí lójúgun. Rẹ̀mí kò sá. Ó tú ìborùn èjìká rẹ̀, ó jù ú bo adìẹ náà, ó sì fi orúnkún rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nínú òkùnkùn aṣọ, àkùkọ dákẹ́ lójijì. Rẹ̀mí gbé e sábẹ́ apá, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Àyà adìẹ náà ń sáré lù ú ní ìhà.

Ilẹ̀kùn Yàhàyá ṣí sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti àpò ẹrù kan, ó ń fi okùn dì í. Ìyá Jẹ̀mílá jókòó lórí ẹní, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lábẹ́ ojú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Jẹ̀mílá," Rẹ̀mí wí.

Kó tó dáhùn, ìborùn yẹ̀, orí àkùkọ yọ síta.

"Mama, zakara! Zakara!" Ọmọ náà ń fi èdè Hausa pariwo àkùkọ, ó lọ́ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn.

Yàhàyá dìde. "Ẹ tún gbé e wá bá a nínú ilé? Haba, Ìyá Jùwọ́n, kí la ṣe fún yín?"

Ojú ti Rẹ̀mí débi pé ó fẹ́ sá. Ẹni tí yóò pa adìẹ ló ń rò látàárọ̀, kò rò ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí adìẹ ń bà lẹ́rù. Ó yí ẹ̀yìn sí wọn kí ọmọ má baà rí i mọ́, ó kọjú sí àgbàlá, ó sì ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Mo ní kí ẹ bá mi pa á ni. Àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́. Ó ti lé ọmọ yìí rí, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo wà lójú fèrèsé. Ọmọ ń sá, ó ń sunkún, èmi ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí adìẹ yìí ti kú."

Ìyá Jẹ̀mílá sọ̀rọ̀ láti orí ẹní, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo wà nídìí iná. Látàárọ̀ ni mo ti ń dúró pé bóyá wàá sọ ọ́."

"Jọ̀ọ́, má bínú."

"Mò ń bínú."

Yàhàyá jáde, ó gba ọ̀bẹ àti adìẹ lọ́wọ́ Rẹ̀mí láìwo ojú rẹ̀. Ó gbé e lọ sétí gọ́tà, ó kọjú sí ìlà oòrùn, ó dárúkọ Ọlọ́run, ó sì pa á. Nígbà tí ìyẹ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́, ó gbé e padà fún un.

"Ẹ lọ gbé omi kaná," ni gbogbo ohun tó sọ.

Rẹ̀mí ń tu adìẹ lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Jẹ̀mílá wá dúró lẹ́bàá rẹ̀. Ọmọ ti sùn lọ sí èjìká rẹ̀.

"Lọ́túnla, dókítà ní ká mú un padà wá kí wọ́n wo ojú ọgbẹ́. Ìwọ lo máa mú un lọ."

"Èmi?"

"Wọ́n á dì í mú, á sì ké gan-an. Mo fẹ́ kó o wà níbẹ̀, kó o gbọ́ ọ."

Rẹ̀mí mi orí pé òun gbà. Ọ̀rọ̀ Tarauni wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè béèrè.

"Aago mélòó?"

"Mẹ́jọ." Ó yí padà, ó sì dúró díẹ̀. "Kó o jẹun kó o tó jáde o. Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀."