Oníbàárà Tí Kò Gbàdúrà

Nígbà tí Olúbọ̀wálé fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ láti lọ ṣe áàpù tí yóò sọ ọ́ di olówó, kò sí ohun tí kò tíì rà: àga tó ń yí, kọ̀ǹpútà tuntun, káàdì tí wọ́n kọ "Olùdásílẹ̀" sí. Ohun tí áàpù náà yóò máa ṣe nìkan ló kù.

Èrò mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan á máa rán ìyàwó ilé létí pé gáàsì ń tán lọ. Èkejì á máa ka ọmọ ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀kẹta á máa fi ibi tí ọkọ̀ ẹrù wà han ẹni tó ni ín, àti ohun tó rù. Ó gbé wọn kiri láti Ire-Akari títí dé Mafoluku, ó ń béèrè èyí tí wọ́n á rà. Kò sẹ́ni tó ní òun ò rà. Ta ló ń sọ irú ìyẹn lójú ọmọ ọlọ́mọ? "Ó dáa gan-an. Ọlọ́run á gbé e dókè." Ó ṣe àmín títí ẹnu ẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ọjọ́ tó ní kí wọ́n wá sanwó, fóònù wọn ò lọ mọ́.

Ló bá ṣòfin fún ara ẹ̀: àdúrà kì í ṣe owó. Ẹni tó bá sanwó láì gbàdúrà, òun ni ojúlówó oníbàárà.

Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò bìkítà fún gáàsì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ti ọkọ̀ ẹrù yẹn. Ó ń ṣiṣẹ́?"

Bọ̀wálé ṣí i. Àmì pupa kan ń rọra jáde láti Industrial Estate Ìsọlọ̀. Sirajudeen ni, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ̀, awakọ̀ tó gbà kí wọ́n fi fóònù òun dán an wò nítorí àna.

"Kí ló rù?"

"Wáyà iná, sà. Ìbàdàn ló ń lọ."

"Ó máa ń fi ibi tó ti dúró jẹun hàn?"

"Dáadáa, sà!"

"Awakọ̀ ń mọ ẹni tó ń wò ó?"

"Rárá o. Èmi nìkan ni mò ń rí iye àwọn tó ń wò, nísàlẹ̀ níbí."

Fákúnlé sanwó ọdún kan lójú ẹsẹ̀, Bọ̀wálé sì ṣí áàpù náà fún un lórí fóònù ẹ̀. Kò gbàdúrà.

Bó ṣe jáde ni Tàwàkálítù, ìyàwó Bọ̀wálé, béèrè: "Dádì Tiwaladé, ọkọ̀ mélòó ni bàbá yẹn ní?"

"Mi ò bi í. Ṣé a máa ń bi ẹni tó ra búrẹ́dì bóyá ó léyín ni?"

"Bí kò bá ní ọkọ̀ ńkọ́, ọkọ̀ ta ló fẹ́ máa wò?"

Bọ̀wálé ti kọjú sí fóònù ẹ̀. Ó ti ń kéde rẹ̀ lórí ayélujára pé òun ti rí ohun tí ọjà ń fẹ́. Àwọn èèyàn sì ti ń kí i: Ọlọ́run á gbé e dókè.

Tàwàkálítù pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ títí. Ìrọ̀lẹ́ ló tó gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa áàpù yẹn."

Sirajudeen rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé, Tàwà? Àbí ọkọ ẹ ti rí iye ẹran tí mo bù ni? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró jẹun ni, mo ti kọjá Ogere. Dúró ná, àwọn kan ń kí mi. Mi ò mọ̀ wọ́n rí o, wọ́n sì ń pe orúkọ mi."

Fóònù já.

Tọkọtaya sáré síwájú kọ̀ǹpútà. Àmì pupa náà dúró. Lẹ́yìn náà ó kúrò lójú títì, ó yà sínú igbó níbi tí kò sọ́nà.

Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: *Àwọn tó ń wò: 2.*

Bí wọ́n ṣe tẹjú mọ́ ọn, ó di 1.