Ọwọ́ Òsì Àbúrò Mi

Gíga àbúrò mi obìnrin ló sọ ọ́ di Àkàbà. Bí mo ṣe ń rán ṣòkòtò fún un náà ni ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ síta. Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, ẹgbẹ́ fọ́líbọ́ọ̀lù àwọn obìnrin kan gbà á síṣẹ́, ọdún mọ́kànlá gbáko ló sì fi jẹ́ òpómúléró wọn. Tó bá fò sókè lẹ́bàá àwọ̀n, tó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, àwọn tó wà lódì kejì a ti dijú kó tó balẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó fò, ó gbá a, ọwọ́ náà sì wálẹ̀ wọ̀ọ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn. Dókítà gbé àwòrán èjìká rẹ̀ sójú iná, ó fi bírò tọ́ka síbi tí iṣan ti já.

"Ọwọ́ yìí á wọ aṣọ, á gbé ọmọ," ó ní. "Àmọ́ kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé."

Àkàbà kó wá sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí èmi àti bàbá wa ti ń ránṣọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò yọjú síta rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ gbì! gbì! lára ògiri. Mo sáré jáde. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá, ọwọ́ òsì ló sì fi ń gbá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má rẹ́rìn-ín o."

Ta ni ò ní rẹ́rìn-ín? Ọ̀kan bà sórí òrùlé, òmíràn fọ́ gíláàsì fèrèsé wa. Bàbá wa yọrí síta.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé a lè fi fọ́ ọ."

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun, òun ló fi ń kọ̀wé, òun ló fi ń ṣílẹ̀kùn. Ó fi di àlùmọ́gàjí mú, ó ba ṣòkòtò oníbàárà jẹ́. Oṣù mẹ́rìnlá! Díẹ̀díẹ̀ lẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi, torí ojú kan náà ni bọ́ọ̀lù ń bà lára ògiri, ibẹ̀ sì ti ń jìn wọnú.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ gbà á padà, àmọ́ orí bẹ́ǹṣì ló ń jókòó sí títí di àṣekágbá. Èmi àti bàbá wa lọ wò ó. Ní abala karùn-ún, àmì kan ló kù kí ẹgbẹ́ kejì borí, ni ẹsẹ̀ ẹnì kan bá yẹ̀ nínú tiwa.

"Àkàbà, wọlé!"

Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sókè fún un. Ó fò. Àwọn mẹ́ta fò lódì kejì, wọ́n dí ọ̀nà ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n mọ̀. Mo rí ọ̀tún náà tó dúró jẹ́ẹ́ níbi àyà rẹ̀. Òsì gòkè. Mi ò rí bọ́ọ̀lù. Ìró rẹ̀ ni mo gbọ́, ó sì ti ń yí lọ lẹ́sẹ̀ àwọn òǹwòran. Bàbá wa di apá mi mú.

"Ṣé ọmọ mi nìyẹn?" wọ́n bi mí, bí ẹni tí kò bí i.

Ẹgbẹ́ Àkàbà ò gba ife-ẹ̀yẹ. Bọ́ọ̀lù yẹn mú àmì dọ́gba, àmọ́ ẹgbẹ́ kejì ló ni méjì tó tẹ̀ lé e, ni ìdíje bá parí. Ṣùgbọ́n kí balógun wọn tó lọ yọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ àwọ̀n kọjá, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ òsì àbúrò mi, ó ń wò ó ṣáá.

"Ìgbà wo lo di ọlọ́wọ́ òsì?"

"Ọdún tó kọjá," Àkàbà fèsì.

Obìnrin náà mi orí. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹgbẹ́ tirẹ̀ ránṣẹ́ pe àbúrò mi. Ọdún mẹ́rin ló gbá bọ́ọ̀lù fún wọn.